Ìyá Tí Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Tí Ó Ń Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Ní Gẹ̀ẹ́sì

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó ilé ni a ó máa bá lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti wà ní ikùn mi láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, n kò sì fẹ́ kí ó tutù kí n tó sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Bódìjà, mo ń gba afẹ́fẹ́, nígbà tí ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà wọlé tọ̀ mí wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti ń ra ẹ̀wà olóyin láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kò dá wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ̀lé e, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó wà ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ní kíláàsì tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní SS2. Agbowó ni wọ́n ń gbé, ní òdìkejì géètì Yunifásítì.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí mi. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bu omi wá tí ó fi fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ìwé èsì ìdánwò tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí òbí ni. Mo wọ awò ojú mi, mo wò ó. Gẹ̀ẹ́sì: 31 nínú 100.

Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yìí mọ ìṣirò, ó mọ Báyọ́lọ́jì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń wù ú ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí kò bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èyí tí ó mọ̀, òfo ni.”

Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Láìsí Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n ń béèrè, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kò ní ṣílẹ̀kùn fún un, yunifásítì kò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹnì kan wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní òun mọ ibì kan tí ọmọ ti lè jókòó ṣe ìdánwò, tí wọn yóò máa kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. Iye tí ó dá lé e, mo ti gbà á lọ́wọ́ alájọ mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná. Ṣé kí n san án?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, obìnrin yìí kò tẹ ìdí kóńgò wọnú rí láyé rẹ̀. Mo ti rí i tí ó pe oníbàárà padà láti fún un ní ṣéńjì tí ó gbàgbé. Kì í ṣe olè. Ìyá tí ó rí ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ ti mọ́ ọmọ rẹ̀ ni, tí ẹnì kan sì ń ta kọ́kọ́rọ́ fún un ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Mo sọ fún un pé òfin ti wà lórí jíjí ìdánwò wò láti 1999, tí ó lè gbé ọmọ àti ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ dé ilé-ẹjọ́, pé WAEC sì lè fagi lé èsì ọmọ náà nígbà tí owó ti lọ. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò wọ̀ ọ́ lára tó. Nígbà náà ni mo ní, “Ìyá Ẹlẹ́wà, bí dókítà bá kọ ọ́ pé kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ ìdáhùn fún kò sì lè ka ìwé náà dáadáa ńkọ́?” Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. Òun ni ọ̀rọ̀ náà bà jù.

Mo fún un ní báírò àti ìwé. Mo ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nípa iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ó kọ ọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Ẹ gbọ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀: “My mother is an indefatigable personality who deal in multitudinous commodities.” Háà! Mo bi í pé níbo ni ó ti rí ọ̀rọ̀ ńlá ńlá wọ̀nyí. Ó ní ìwé pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń tà fún wọn ní ilé-ìwé, àwọn ọ̀rọ̀ tí ń dẹ́rù ba olùdánwò ni ó kún inú rẹ̀, àwọn a sì máa há wọn sórí. Mo ní kí ó sọ ohun tí “multitudinous” jẹ́ ní Yorùbá. Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó sọ iye irú ọjà tí ìyá rẹ̀ ń tà. Ó ní ẹ̀wà nìkan ni.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ó fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ó ní aago mẹ́rin àbọ̀ ni ìyá òun ń jí. Bí tírélà bá dé láti Òkè Ọya ní òru, wọ́n a pè é lórí fóònù, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ọjà ni ó ń rí àpò tí kòkòrò kò tíì wọ̀. Ó ní ìyá òun kì í wo ojú àpò rárá, ọwọ́ ni ó ń kì bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá, tí yóò bu ẹ̀wà ti ìsàlẹ̀ wá sókè, nítorí èyí tí ó dára ni wọ́n máa ń kó sí orí. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé o ń ṣọ́ mi ni?”

Mo ní ó dára, jẹ́ kí a kọ ohun tí o sọ yìí gan-an. Mo jẹ́ kí ó máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èmi ń tọ́ ọ sọ́nà: “My mother wakes up at half past four. She does not look at the top of the bag. She puts her hand inside, because the good beans are always on top.” Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bàbá, ṣé irú èyí náà ni Gẹ̀ẹ́sì?”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ líle, wọn a sì máa fi agbára wọn wá a, nígbà tí ọ̀rọ̀ kéékèèké ń gbé wọn ṣánlẹ̀. Nínú èdè wa, “ó” ni a ń pe ọkùnrin, òun náà ni a ń pe obìnrin, òun náà ni a ń pe ewúrẹ́ àti àga. Òyìnbó pín in sí mẹ́ta, he, she, it. Ọmọ tí ó bá ń sáré kọ̀wé yóò pe ìyá tí ó bí i lọ́mọ ní “he”. Lọ́dọ̀ wa, mo ń lọ, mo ti lọ, mo lọ lánàá, èmi yóò lọ lọ́la, “lọ” náà ni. Ti Òyìnbó ń pa àwọ̀ dà bí ọ̀gà: go, goes, went, gone. A ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Nítorí náà ọmọ tí ó bá kọ “I hear the smell” kò ṣe wèrè, Yorùbá ni ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún. Ẹni tí ń jáde nílé wa a ní “mo ń bọ̀”, a sì mọ̀ pé yóò padà. Bí ó bá sọ fún Òyìnbó pé “I am coming”, tí ó sì kẹ́yìn sí i tí ó ń lọ, Òyìnbó yóò dúró máa wò ó. A tún ń sọ pé “wọ́n ń pè ọ́” nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń peni. “They are calling you” — àlejò yóò máa wo ẹ̀yìn bóyá ogunlọ́gọ̀ ni ó ń bọ̀.

Èmi kò mọ olùkọ́ tí ó lè fi pàṣán lé irú àṣìṣe wọ̀nyí jáde. Bí a bá fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀nà ti yà, a máa yé e. Ní ọdún tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi pẹ̀lú gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Mo jẹ́wọ́. Mo rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ti wà nítòsí wa tí ó yẹ kí ó là mí lójú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Módákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ padà wo ìdánwò WAEC náà wàyí, kí ẹ rí ibi tí máàkì wà. Nínú ìwé kejì, àròkọ ni ó gba 50, àyọkà tí a ń kà dáhùn ìbéèrè gba 20, èyí tí a ń ka ọ̀rọ̀ gígùn kí a tún sọ ọ́ ní ṣókí gba 30. Àròkọ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450. Nínú 50 tirẹ̀, 10 ni ti ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 ni ti bí ó ti tò ó, 20 ni ti bí ó ti lo èdè. 10 tí ó kù, àṣìṣe ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan a sì máa gbé ààbọ̀ máàkì lọ. Nínú gbólóhùn “indefatigable” yẹn, ààbọ̀ ti lọ lórí “deal” tí kò ní s. Èmi kò rí ibi tí wọ́n ti fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn.

Mo bá bi ìyá náà pé, “Aago mélòó ni ọjà ń dá?” Ó ní bí ó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a máa dá díẹ̀, ọmọ náà sì ti máa ń dé láti ilé-ìwé wá ràn án lọ́wọ́. Mo ní ó ti tó. Kí ó máa ra ìwé ìròhìn kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí ọmọ ka ìròhìn kan sókè ketekete ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Ohun tí kò bá yé ìyá, kí ó béèrè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ọmọ kọ gbólóhùn mẹ́ta náà ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé kan, láìwo ti oníwèé ìròhìn mọ́.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin náà! Èmi tí n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni màá kọ́ ọ?”

Mo ní nítorí pé kò gbọ́ ọ gan-an ni. Ní ibi ìsọníṣókí nínú ìdánwò, ọmọ tí ó bá dà ọ̀rọ̀ inú àyọkà kọ bí ó ti wà ń pàdánù máàkì. Ta ni ó lè da Gẹ̀ẹ́sì kọ fún ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ó di dandan kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé òun fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá náà pè mí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ka ìròhìn nípa epo mọ́tò, “subsidy” báyìí, “subsidy” báyìí. Òun ní, “Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Ọmọ dákẹ́. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ọjọ́ tí ọmọ náà kì í pe ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí gbogbo ènìyàn ń pè é, òun náà sì ń san owó Micra tí ó gbówó lórí láti ilé-ìwé dé Agbowó. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó jẹ́. Ó ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, kí ó tó padà wá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé pẹlẹbẹ wo ni ì bá kọ́ ọ ní èyí?

Ti ìwé kíkà, ẹ máà jẹ́ kí owó dẹ́rù bà yín. Mo bá ẹni tí ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ nájà, mo ra mẹ́ta fún ọmọ náà: “The Passport of Mallam Ilia” tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1960, “Eze Goes to School” tí Onuora Nzekwu àti Michael Crowder kọ ní 1963, àti “Chike and the River” tí Chinua Achebe kọ ní 1966. Ó ní ìwé ọmọdé ni wọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kà wọ́n tán. Ìwé kékeré tí a kà dé ìparí sàn ju ìwé ńlá tí a fi ṣe ìrọ̀rí lọ. Ìwé ìròhìn pàápàá, àwọn kan wà nídìí àtẹ àwọn tí ń tà á ní Dùgbẹ̀ àti ní Ring Road tí ó jẹ́ pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń ka gbogbo àkọlé láìsan kọ́bọ̀, èmi kò sì bú wọn. Nígbà tí Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822, tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní ní ilé-ìwé ni ó ti lọ tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ láti fi ra káàdì lẹ́tà tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní 1843, òun yìí kan náà ni ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde.

Olùkọ́ kan ní Challenge kọ̀wé sí mi pé gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọmọ àádọ́rin ni òun ní nínú kíláàsì, ọwọ́ mélòó ni òun yóò fi máàkì iṣẹ́ wọn? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí, nítorí mo ti gbé irú òkìtì ìwé bẹ́ẹ̀ relé rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó yan irú àṣìṣe kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ ti he àti she ni ọ̀sẹ̀ yìí, kí àwọn ọmọ pààrọ̀ ìwé, kí wọ́n wá he àti she nìkan nínú ìwé ara wọn, kí ó fi ojú fo gbogbo ìyókù. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, s ti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìwé tí báírò pupa bá bò láti òkè dé ilẹ̀, ọmọ kì í kà á, yóò kàn wo máàkì ni yóò pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe fún ọmọ ẹlẹ́wà yìí ní ọjọ́ Àìkú. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kún, a ti wà lórí ìkejì.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yege. Kò tíì ṣe é. Ọdún tí ń bọ̀ ni ìdánwò tirẹ̀. Nínú ìdánwò àárín ọdún tí wọ́n ṣe kọjá, ó gba 44, kò sì tíì tó. Ìyá rẹ̀ ní ẹni tí ń ta kọ́kọ́rọ́ ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì, òun sì sọ fún un pé owó náà ti di ẹ̀wà àpò méjì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá mo yà ní ọjà. Ọmọ náà jókòó lórí àpò, ó ń ka ìwé ìròhìn, oníbàárà méjì sì dúró. Ìyá ń wọn ẹ̀wà fún ẹni àkọ́kọ́, kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ní, “Wọ́n ní wọn yóò tún ọ̀nà náà ṣe.” Ìyá dá ọwọ́ dúró. “Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé gómìnà ni, àbí oníwèé ìròhìn?” Ọmọ gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Èmi ni ẹnì kejì tí ó dúró, mo sì dúró títí ó fi rí i.